Ṣíbí àti Òpó Mápó Lórí Aṣọ Kan

   Ẹ súnmọ́ rédíò dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Aṣọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa ní Ìbàdàn ní àdìrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ó ṣeé ṣe kó wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá yín àgbà títí di òní. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ óo rí i pé wọ́n pín ojú rẹ̀ sí ilé-ilé, wọ́n sì ya nǹkan sínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá èyí tí wọ́n ya òpó sí nínú wọn. Òpó ibo ni? Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni, ilé ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè láàárín ìgboro Ìbàdàn. Kí ló wá wà láàárín òpó kan sí òpó kejì? Ṣíbí ni. Ṣíbí tí a fi ń jẹun nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kó lè yé wa. Òpó tó wà lórí òkè ìlú àti ṣíbí tó wà nínú abọ́, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n dúró sí lórí aṣọ kan náà, ọwọ́ obìnrin ló sì yà wọ́n síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí bó bá gbójú sókè, kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Àmọ́ àwa lónìí ti ya wọ́n sọ́tọ̀: nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi, ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Ìyá wà ní ilé ìdáná lóun nìkan. Bàbá ti jáde. Àwọn ọmọ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara á ni ìyá, ojú á ro àwọn ọmọ, gbogbo ilé á sì máa kanra mọ́ ara wọn. Bí owó bá wà lọ́wọ́, a ó kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé, wọn óo jẹ áísìkiriìmù, wọn óo sì padà wálé. Mi ò sọ pé ó burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé oúnjẹ tí à ń sè lójoojúmọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tí a lè fi aṣọ funfun kan ṣe, àti òkè tó wà láàárín ìlú wa, tó o bá so wọ́n pọ̀ fún ọmọ, o ti fún un ní ohun tí owó ìwọlé kò lè rà.

Báwo la ṣe máa so wọ́n pọ̀? Ẹ jẹ́ ká gba ilé ìdáná wọlé ná.

Kí la fẹ́ sè? A wà n'Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ ká wá ọ̀nà jìnnà. Àmàlà ni, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, tí a bù lé ara wọn tó di àbùlà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan oúnjẹ yìí ni. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ọwọ́ tó bá wà nínú ilé, láti orí ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di bàtà dé orí ìyá àgbà tí kò lè dìde kíákíá mọ́.

Ẹ bu ẹ̀wà sínú abọ́ ńlá, ẹ bomi lé e lórí, ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀. Ẹ wá pe àwọn kékeré. Ẹ ní kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì máa ra á. Èèpo á máa bó, á máa léfòó. Kí wọ́n da omi náà nù pẹ̀lú èèpo, kí wọ́n bu òmíràn, kí wọ́n tún ra á, títí ẹ̀wà á fi funfun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ kékeré fẹ́ràn àtifi omi ṣeré. Omi tí ẹ ti ń lé wọn kúrò nídìí rẹ̀ láti àárọ̀ ti wá di iṣẹ́ wọn. Ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa dúró tì í.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á jókòó sídìí ewédú. Ewé lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, ẹnu kì í sì í dákẹ́ nídìí rẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fetí sí. Ọmọ tí o pè síwájú, tí o ní, “Jókòó síbí, kí ló ń ṣe ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ ní iléèwé?” ó ṣeé ṣe kó wolẹ̀, kó ní, “Kò sí nǹkan, mà.” Ṣùgbọ́n ọmọ kan náà, bó bá ń já ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí kò sẹ́ni tó tẹjú mọ́ ọn, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ orúkọ ẹni tó ń gba oúnjẹ rẹ̀ jẹ ní kíláàsì. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń tú. Mo ti rí i nínú ilé tó pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọmọ yín, ẹ wá ewé fún un kó máa já.

Ọmọkùnrin ńkọ́? Ẹnìkan á ní, “Kí ọmọkùnrin wá máa bó ẹ̀wà kẹ̀?” Bẹ́ẹ̀ ni o. Kó bó ẹ̀wà, kó já ewédú, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà. Ṣé ọmọkùnrin kì í jẹun ni? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lọ sí yunifásítì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà, òun àti ebi ni wọn óo jọ máa gbé yàrá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ẹ má dúró títí igi á fi le.

Ẹ gbé ẹ̀wà kaná, kó hó dáadáa kó rọ̀ pátápátá. Bó bá ti rọ̀, ẹ óo fi ìjábẹ̀ lù ú, tàbí kí ẹ sẹ́ ẹ, kó lè kúná. Lẹ́yìn náà ni ata, irú, iyọ̀, epo pupa àti ẹja gbígbẹ. Ewédú kò fẹ́ iná púpọ̀. Omi díẹ̀, kan-ún bíńtín, irú díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, ìjábẹ̀ ló máa parí iṣẹ́ tó kù. Ọmọ lè béèrè pé kí ló dé tí ẹ fi ń ti ọwọ̀ bọ inú ọbẹ̀. Ẹ má lé e. Ẹ fún un ní ìjábẹ̀ náà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ fún un pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n dì í, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi í pamọ́, ilẹ̀ kì í sì í kàn án.

Ó wá ku àmàlà. Iṣẹ́ àgbà lèyí, nítorí omi tó ń hó kì í mọ ọmọdé yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jọ èlùbọ́ sílẹ̀, kí àgbà dà á sínú omi, kó sì fi ọmọ orógùn rò ó. Àwọn àgbà wa ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó jọ èlùbọ́ àti ẹni tó rò ó, àwọn méjèèjì ló se àmàlà. Bí ẹ bá ti ń rò ó, ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n dúró sẹ́yìn, kí wọ́n máa wò bí funfun rẹ̀ ṣe ń lọ, tí dúdú rẹ̀ ń jáde.

Àbí ẹ ti béèrè rí? Iṣu funfun ni a bẹ. Báwo ni àmàlà ṣe wá dúdú? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn sì wà fún un. Nǹkan kan wà nínú ara iṣu tí atẹ́gùn máa ń pa láwọ̀ dà. Nígbà tí wọ́n bẹ iṣu, tí wọ́n gé e, tí wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n sì wá sá a sóòrùn, atẹ́gùn ti ń bá nǹkan náà ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Bí omi gbígbóná bá tún wá kan èlùbọ́ náà, dúdú rẹ̀ á hàn kedere. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí o. Ẹ fi sọ́kàn. A máa padà sídìí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí n tó kúrò nídìí ẹ̀wà, bí ẹ̀wà tí ẹ bó bá pọ̀ jù, ẹ lọ ìyókù, kí ẹ fi din àkàrà fún àwọn ọmọ. Ẹ sì sọ fún wọn pé ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn obìnrin tó wọṣọ funfun ṣì ń din àkàrà nínú epo pupa lójú títì títí di òní. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló gbé e lọ. Wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ wọn sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó gbọ́ ìtàn yìí nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ẹ̀wà kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí ẹ̀wà ti ń hó lórí iná, yóò sì pẹ́ kó tó rọ̀. Kí la óo máa ṣe? Àkókò iṣẹ́ ọwọ́ dé nìyẹn.

Ẹ wá aṣọ funfun kan. Ó lè jẹ́ láti ọjà Gbági, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ tàbí ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé tó ti kéré sí ọmọ. Kó ṣáà ti jẹ́ òwú, nítorí aró kì í mú ọ̀rá. Ẹ wá ìko, tàbí òwú tó lágbára. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èso gbígbẹ wá láti àgbàlá. Bí wọ́n bá fi òkúta kan sábẹ́ aṣọ, tí wọ́n fi ìko dì í pinpin, ibi tí ìko gbà yẹn ni aró kò ní dé. Bí wọ́n bá tú u lẹ́yìn náà, òbìrìkìtì funfun kan á wà níbẹ̀. Àdìrẹ oníko nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ púpọ̀ á fún yín ní òbìrìkìtì kéékèèké. Bí ẹ bá sì ká aṣọ jọ, tí ẹ dì í ní ìlà ìlà yípo, òbìrìkìtì ńlá bí òṣùpá á jáde. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ náà wà, èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọmọ tó ti lè lo abẹ́rẹ́.

Àmọ́ èyí tí ọkàn mi fẹ́ jù lọ ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó dá mi lójú pé ẹ óo mọ ìdí rẹ̀. Kí ni wọ́n fi ń ya á? Láfún ni! Láfún tí à ń jẹ nílé ni wọ́n ń sè bí ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí. Ẹ ṣáà yọ láfún tí ẹ óo jẹ sọ́tọ̀ o, èyí tí a ti fi álọ́ọ̀mù sí kì í ṣe fún ẹnu. Kí ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára aṣọ? Ìyẹ́ adìyẹ ni. Ẹ ò rí i pé inú ilé ìdáná náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá? Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1900, nígbà tí aṣọ funfun tó dán ń wọlé lọ́pọ̀ láti òkè òkun, àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo rí i pé ẹ̀kọ lè dúró sára aṣọ náà dáadáa. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé wá ń wò lónìí nínú àwọn mùsíọ́mù ńlá.

Ẹ fún ọmọ ní ìyẹ́ adìyẹ tí ẹ ti fọ̀ mọ́, ẹ bu ẹ̀kọ láfún sínú àwo fún un. Kí ló máa yà? Ẹ má sọ fún un. Ohun tó bá wà lójú rẹ̀ ni kó yà. Bó bá ya kẹ̀kẹ́ máruwá, ó dára. Bó bá ya ajá ilé yín, tàbí tánkì omi tó wà lórí òrùlé, tàbí fóònù yín, ẹ yìn ín. Àwọn ìyá wa kò ya ohun tí wọn kò mọ̀. Mápó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí òkè, wọ́n rí i, wọ́n yà á. Ṣíbí wà nínú abọ́, wọ́n yà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ọmọ máa da èyí tí àwọn àgbà ti yà kọ nìkan, kò ì mọ bí Ìbàdàndùn ṣe dé ayé.

Bí ẹ̀kọ náà bá ti gbẹ sóòrùn, ó kan aró. Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ atẹ́gùn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn padà dé. Ewé elú ni àwọn aláró wa ń gún nínú odó, wọn óo mọ ọ́n róbótó, wọn óo sì sá a. Lẹ́yìn náà ni wọn óo rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n sẹ́ láti inú eérú, fún ọjọ́ mélòó kan, títí aró á fi tó ó lò. Bí wọ́n bá ri aṣọ sínú ìkòkò aró, tí wọ́n fà á jáde, báwo ló ṣe máa rí? Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí á rò pé dúdú lá kọ́kọ́ jáde. Rárá o. Ó máa ń jáde ní àwọ̀ ewé. Níbi tí ẹ gbé dúró sí, lójú yín, bí atẹ́gùn bá ti ń kàn án, á máa yí padà, á di àwọ̀ aró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í, tí wọ́n ń fà á, tí wọ́n tún ń rì í, títí á fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Atẹ́gùn tó ń bá iṣu ṣiṣẹ́ nínú àmàlà yín, òun náà ló ń bá elú ṣiṣẹ́ lára aṣọ yín. Ẹ sọ èyí fún ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ á ṣe là.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wa kò ní ìkòkò elú nílé. Aró òyìnbó tí wọ́n ń tà lọ́jà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lónìí, sóódà sì ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Níbí yìí, ẹ jọ̀wọ́, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Sóódà máa ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àgbà tó máa pò ó, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó wà ní ìta gbangba. Sóódà ni kó máa bù díẹ̀díẹ̀ sínú omi tútù, kó má da omi lé sóódà lórí láé. Ìkòkò àti ṣíbí tí ẹ fi ṣe aró, ẹ má ṣe fi se oúnjẹ mọ́. Mo tún un sọ: ìkòkò aró, aró nìkan. Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ di aṣọ wọn nílé, kí ẹ sì gbé e lọ fún aláró tó mọṣẹ́. Ẹ mú àwọn ọmọ náà dání, kí wọ́n rí i bó ṣe ń rẹ ẹ́. Ìyẹn gan-an ni èmi yóò bá yín yàn.

Bí aṣọ bá ti gbẹ, ẹ jẹ́ kí ọmọ tú ìko rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ha ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò fúnra rẹ̀. Ẹ má bá a yára tú u.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, a ti jẹun, aṣọ sì wà lórí okùn. Ṣé ilé náà la óo wà? Rárá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kò di dandan kó jìnnà. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí Mápó.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró níwájú àwọn òpó náà. Ẹ gbé àdìrẹ ìyá àgbà dání, bó bá wà, kí wọ́n fi òpó ara aṣọ wé òpó ara ilé. Ẹ bojú wo ìsàlẹ̀, ẹ óo rí òrùlé páànù tó ti pọ́n, àdúgbò lórí àdúgbò. Bí ẹ bá ti ń sọ̀kalẹ̀, Ọjà Ọba wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ra ata, kí wọ́n ná an fúnra wọn. Ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ọlọ́jà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà láì ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ẹ má bẹ̀rù fún un.

Láti ibẹ̀, ẹ gba Òkè Ààrẹ lọ. Ilé ìṣọ́ gíga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1936. Láyípo ni àwa ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yípo ni bí èèyàn bá ń gùn ún. Bí ẹ bá dé òkè rẹ̀, gbogbo Ìbàdàn á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wá Mápó, kí wọ́n wá Cocoa House tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n parí ní 1965, kí wọ́n sì wá ọ̀nà ilé yín.

Ta ni wọ́n kọ́ Láyípo fún? Kápítéènì Bower ni, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba wọn ní Ìbàdàn, láti 1893 di 1897. Ẹ má fi ìtàn rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ. Bower yìí náà ló kó ìbọn ńlá lọ yìn sí ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895, nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ilé ìrántí rẹ̀ lẹwà, ìrísí ibẹ̀ dùn, síbẹ̀ ọmọ wa gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń rántí níbẹ̀ àti ohun tó ṣe. Èmi gbà pé ọmọ lè gbádùn òkè náà, kó sì mọ òtítọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ sọ ìtàn tó ṣáájú ti Bower fún wọn pẹ̀lú. Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun tú Ìbàdàn àkọ́kọ́, Lágelú àti ìwọ̀nba èèyàn tó ṣẹ́kù gun orí òkè lọ. Kí ni wọ́n ń jẹ? Èso òro àti ìgbín ni. Kí ni wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ? Ìkarahun ìgbín ni. Ìlú ńlá tí ẹ ń wò láti orí Láyípo yìí, ìtàn náà ní àwọn tí kò ní ṣíbí ló dá a sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oríkì Ìbàdàn kò fi lè parí láì dárúkọ òro àti ìgbín.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí n'Ìbàdàn ńkọ́? Tiyín wà. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta ní Òkè Olúmọ, àwọn aládìrẹ Ìtòkú sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá se ọ̀fadà láàárọ̀, iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀yin ará Òṣogbo ní igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sínú ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Òkè Ìdànrè ń dúró de ẹ̀yin ará Oǹdó, àmọ́ ẹ jẹun kánú kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn ibẹ̀.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe é fún ọmọ tiyín nìkan. Ọmọ aládùúgbò wà tí ìyá rẹ̀ ń ṣọ́jà ní gbogbo Sátidé. Ọmọ kan wà ní ilé kejì tí kò ní ìyá àgbà tó máa pa ìtàn fún un. Ẹ pè wọ́n mọ́ tiyín. Ẹ̀wà díẹ̀ sí i, aṣọ funfun kan sí i, kò ní pa yín lára. Ẹ sì pe ìyá àgbà jáde nínú yàrá. Ẹ gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kó máa sọ pé, “Kò ì rọ̀ o, ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀ sí i.” Àgbà tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbádùn ọjọ́ ogbó.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Lálẹ́ òní, ẹ lọ bá ìyá yín àgbà, tàbí ìyá yín, tàbí ìyá ẹnikẹ́ni tó wà ládùúgbò. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi í léèrè bóyá ó ní àdìrẹ nínú àpótí rẹ̀. Ẹ ní kó fi hàn yín, kó sì sọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ wá ẹ̀wà àti aṣọ funfun sílẹ̀ kí Sátidé tó dé.